Mo Fẹ́ràn Wọn o, Àmọ́…

Bí ẹ bá fẹ́ dá olólùfẹ́ The Smiths, ẹgbẹ́ olórin ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kan, mọ̀ láyé òde òní, ẹ má wulẹ̀ wo irun iwájú orí rẹ̀ tó gbé nàró, ẹ má sì wo ìwé ewì tó há sí abíyá. Ẹ kàn dárúkọ Morrissey, akọrin wọn, lójú rẹ̀, kẹ́ ẹ wá tẹ́tí. Á kọ́kọ́ mí kanlẹ̀. Á wo ọ̀tún, á wo òsì. Lẹ́yìn náà ló máa wá sọ ọ́: "Mo fẹ́ràn orin wọn o, àmọ́…"

Àmọ́ yẹn gùn. Ẹ lè wọ ọkọ̀ ojú irin ní Manchester, kẹ́ ẹ dé London, kó má tíì parí.

Ìtàn wọn gan-an kò tó bẹ́ẹ̀ gùn. Lọ́dún 1982, Johnny Marr, ọmọkùnrin kan tó ń ta gìtá bíi pé ìka rẹ̀ ju mẹ́wàá lọ, lọ kan ilẹ̀kùn ẹnì kan ní Stretford, lẹ́bàá Manchester. Steven Morrissey lẹni tó wà nílé. Ọmọ àwọn ará Ireland ni, kò níṣẹ́ lọ́wọ́, inú yàrá ló ń jókòó sí, tó ń kàwé, tó ń kọ̀wé. Wọ́n fi Andy Rourke kún un kó máa ta béèsì, wọ́n ní kí Mike Joyce máa lùlù. Àwo orin mẹ́rin ni wọ́n ṣe láàárín 1984 sí 1987, wọ́n sì tú ká. Ọdún márùn-ún péré lẹgbẹ́ náà lò láyé. Ìjà orí wọn ti ń sún mọ́ ogójì ọdún, kò sì tíì rẹ ẹnikẹ́ni.

Ẹkún inú orin wọn ló kọ́kọ́ pa mí lẹ́rìn-ín. Ẹ fetí sí gìtá Marr nìkan, ẹ óò rí i pé ẹsẹ̀ yín ti ń mì lábẹ́ àga. Ibi àríyá ni gìtá yẹn ń lọ. Orí rẹ̀ ni Morrissey wá jókòó lé tó ń dárò: kò rẹ́ni fẹ́ ẹ, kò ríṣẹ́, ó ríṣẹ́ tán kò wù ú. Ọmọ Yorùbá tó bá ti gbọ́ ẹkún ìyàwó rí kò ní pẹ́ mọ irú ẹkún tó jẹ́. Ìyàwó ń sunkún, ó ń dágbére fún ìyá, ó ń dágbére fún bàbá, omijé ń dà. Ẹ wá sọ fún un pé ọkọ ò gbé e mọ́, kẹ́ ẹ rí ẹkún gidi. Ẹkún Morrissey nìyẹn: ó ti kọ́ ọ dáadáa kó tó jáde, ó mọ ibi tí wọ́n ti máa pàtẹ́wọ́. Ìdajì ọ̀rọ̀ tó ń sọ, àpárá ni. Lọ́dún 1987, ó kọrin nípa ọ̀rẹ́bìnrin tó dákú lọ gbári, ohùn gìtá abẹ́ orin náà sì dùn débi pé wọ́n lè fi polówó bisikíìtì. Àwọn tó ń bá a sunkún kò gbọ́ àpárá yẹn. Àwọn tó ń bú u pé ó ń ba ọkàn àwọn ọmọ jẹ́, àwọn náà ò gbọ́ ọ.

Àṣà aṣọ ló wá tẹ̀ lé e. Nígbà tí wọ́n kọ́kọ́ bọ́ sórí ètò Top of the Pops ti BBC lóṣù Kọkànlá 1983, òdòdó gladioli ni Morrissey gbé dání. Kò fún ẹnikẹ́ni. Ó ń fì í yípo lórí, ó ń fi na afẹ́fẹ́, òdòdó ń já bọ́ sílẹ̀. Kò pẹ́ tí òdòdó fi bọ́ sí àpò ẹ̀yìn ṣòkòtò. Ọdún tó tẹ̀ lé e, ó so ẹ̀rọ ìgbọ́ràn mọ́ etí tí ń gbọ́ràn kedere, ó sì gbé awò ojú tí ilé ìwòsàn ìjọba ń fún àwọn tálákà wọ̀. Ká tó ṣẹ́jú, àwọn ọmọ tójú wọn ń ríran dé òkè òkun ti ń wá awò kiri, àwọn tí bàbá wọn lówó lọ́wọ́ ti ń du kàdígáànì àlòkù mọ́ ara wọn lọ́wọ́. Ìbànújẹ́ wọ̀lú, ó sì ní iye tí wọ́n ń tà á.

Ẹ lọ sí Salford, lẹ́bàá Manchester, kẹ́ ẹ rí i. Ilé bíríkì pupa kan wà níbẹ̀, Salford Lads Club, tí wọ́n dá sílẹ̀ lọ́dún 1903 kí àwọn ọmọ òṣìṣẹ́ lè ríbi gbá bọ́ọ̀lù, kí wọ́n ríbi kan ẹ̀ṣẹ́, dípò kí wọ́n máa jà nígboro. Àwọn tó dá a sílẹ̀ sọ ọ́ lẹ́nu ara wọn pé àwọn fẹ́ mú ìmọ́lẹ̀ bá ayé àwọn ọ̀dọ́. Ẹnu ọ̀nà ilé ìmọ́lẹ̀ yìí ni àwọn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin dúró sí, tí wọ́n ya fọ́tò tó wà nínú àwo orin wọn ti 1986. Láti ìgbà náà ni ẹnu ọ̀nà yẹn ò ti sinmi mọ́. Ẹ wo àwọn olólùfẹ́ bí wọ́n ṣe ń bọ̀ lójú títì: wọ́n ń tàkúrọ̀sọ, wọ́n ń rẹ́rìn-ín, ọ̀kan ń jẹ ìpápánu. Tí wọ́n bá ti dé abẹ́ orúkọ tí wọ́n kọ gàdàgbà sókè ẹnu ọ̀nà, ẹni tó ń jẹun á sáré nu ẹnu. Àríyànjiyàn kékeré á ṣẹlẹ̀ lórí ta ni máa ṣe Morrissey. Kò sẹ́ni tó ń jà pé òun fẹ́ ṣe onílù. Lẹ́yìn náà, gbogbo wọn á dákẹ́, wọ́n á jọ fajú ro lẹ́ẹ̀kan náà, fóònù á ya. "Ká tún un yà, o rẹ́rìn-ín."

Yàrá kan wà nínú ilé náà tó jẹ́ ti The Smiths, ìwé pélébé tí àwọn olólùfẹ́ kọ ló bo ara ògiri rẹ̀. Ohun tó sì máa ń yà mí lẹ́nu nìyí: olúkúlùkù wọn ló gbà pé òun nìkan ni wọ́n kọ orin náà fún. Ẹgbàágbèje èèyàn ló jọ ń dá nìkan wà.

Ẹ jẹ́ kí àlejò kan yọjú sínú ìdánìkanwà yẹn kẹ́ ẹ rí ìjà. David Cameron, olórí ẹgbẹ́ òṣèlú Conservative nígbà náà, mú ọ̀kan nínú orin wọn lórí rédíò BBC lọ́dún 2006 pé ó wà lára àwọn tóun fẹ́ràn jù. Ó di Olórí Ìjọba tán, kò sì jáwọ́. Lóṣù Kejìlá 2010, Marr bọ́ sórí Twitter: kí Cameron yéé sọ pé òun fẹ́ràn The Smiths, irọ́ ni, kò fẹ́ràn wọn, òun kà á léèwọ̀ fún un. Olórin ka ẹkún léèwọ̀ fún olórí ìjọba! Láàárín ọjọ́ mélòó kan, ọ̀rọ̀ ti dé ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin. Ìgbà yẹn gan-an ni wọ́n fẹ́ dìbò láti jẹ́ kí owó yunifásítì lè gòkè dé 9,000 pọ́n-ùn lọ́dún, tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ń fẹ̀hónú hàn nígboro London. Aṣòfin Labour kan dìde, ó rán Cameron létí pé ẹgbẹ́ olórin àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ni The Smiths. Cameron náà fi orúkọ orin wọn ta àpárá padà. Wọ́n rẹ́rìn-ín. Ọjọ́ kejì, wọ́n dìbò, owó sì gòkè.

Àwọn tó ń ṣọ́ ẹnubodè ẹkún yìí kì í fẹ́ ká mẹ́nu kan bí owó ṣe ń rìn nínú ilé. Nínú owó àwo orin àti eré, Morrissey ń mú ìdá 40 nínú 100, Marr ń mú 40, Rourke ń mú 10, Joyce ń mú 10. Àwọn tó ń kọrin fún ẹni tí ayé ń rẹ́ jẹ o! Rourke gba 83,000 pọ́n-ùn lọ́dún 1989, ó sì fara mọ́ 10 rẹ̀. Joyce ní rárá, àwọn mẹ́rin làwọn, 25 ló kan òun. Ó gbé wọn dé ilé ẹjọ́ gíga lọ́dún 1996, ó sì jàre. Adájọ́ sọ nípa Morrissey pé alárékérekè ni, olóríkunkun ni, kò sì ṣe é gbára lé. Ẹlòmíì á lọ sùn. Morrissey lọ kọ orin nípa ẹjọ́ náà, orin tó gbóná débi pé wọn ò jẹ́ fi sínú àwo tí wọ́n tà nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì lọ́dún 1997, kí wọ́n má bàa tún padà sí kóòtù.

Ọ̀rọ̀ ẹran ò gba àkókò. Morrissey kì í jẹ ẹ́, kò sì fẹ́ gbóòórùn rẹ̀. Níbi àríyá orin Coachella ní Amẹ́ríkà lọ́dún 2009, òórùn ẹran yíyan fẹ́ dé orí pèpéle, ó sì kúrò níbẹ̀ fúngbà díẹ̀. Ẹ má pè é síbi ìnáwó wa. Ìwé ìtàn ayé rẹ̀, tó jáde lọ́dún 2013, ọ̀wọ́ Penguin Classics ni wọ́n tẹ̀ ẹ́ sí, láàárín àwọn òkú àgbà òǹkọ̀wé. Lẹ́yìn ọdún méjì, ìtàn àròsọ rẹ̀ gba àmì ẹ̀yẹ tí wọ́n fi ń ṣẹ̀fẹ̀ ẹni tó kọ ìbálòpọ̀ burúkú jù. Ní ti eré tó ń fagi lé, ẹni tó bá ra tíkẹ́ẹ̀tì rẹ̀ gbọ́dọ̀ ní ìgbàgbọ́. Mo sì fura pé àwọn míì nínú wọn máa ń gbádùn ìjákulẹ̀ yẹn ju eré lọ.

Ó wá kan àmọ́ yẹn gan-an. Lọ́dún 2010, nínú ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò pẹ̀lú ìwé ìròyìn Guardian, torí ìyà tí wọ́n fi ń jẹ ẹranko, ó sọ̀rọ̀ àwọn ará Ṣáínà bí ẹ̀yà tí kò tó ènìyàn. Lóṣù Karùn-ún 2019, ó bọ́ sórí ètò tẹlifíṣọ̀n Jimmy Fallon ní New York, bájì For Britain, ẹgbẹ́ òṣèlú kan nígbà náà tó ń bá ẹ̀sìn Ìsìláàmù jà, wà láyà aṣọ rẹ̀. Spillers ní Cardiff, ṣọ́ọ̀bù tó ti ń ta rẹ́kọ́ọ̀dù láti 1894, ní àwọn ò ta tirẹ̀ mọ́. Ọmọ àwọn tó ṣí wá láti Ireland rèé o. Àwa tí wọ́n máa ń bi pé "Níbo lo ti wá gan-an?" kò nílò kí ẹnikẹ́ni túmọ̀ bájì yẹn fún wa.

Bí ilé ṣe dàrú nìyẹn. Ẹni tí mo fẹ́ràn jù nínú wọn ni ẹni tó ní àlòkù rẹ́kọ́ọ̀dù wọn nìkan lòun ń rà báyìí, kí kọ́bọ̀ òun má bàa dé ọwọ́ Morrissey. Ó ń fi ìbínú rà á, ó ń fi ìbínú gbọ́ ọ, ó sì mọ gbogbo ọ̀rọ̀ rẹ̀ lórí. Ẹlòmíì ní gìtá lòun ń gbọ́, òun kì í gbọ́ ohùn. Ó ní òun ti kọ́ bí wọ́n ṣe ń ṣe é. Ẹlòmíì ní Morrissey ti 1986 ti kú, àjèjì kan ló jí awọ rẹ̀ wọ̀. Àwọn tó dúró tì í ní ayé ló ń ṣì í gbọ́. Ẹni tí ayé ti ń ṣì gbọ́ láti ìgbà tó ti gbé àsíá ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì jó lórí pèpéle ní Finsbury Park lọ́dún 1992, ṣé kò yẹ kó ti là á yé wọn? Àwọn tí kò fẹ́ràn rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ ló wá ń jayé jù. "Mo ti sọ!" ni tiwọn. Kí ni wọ́n sọ? Wọ́n ní ohùn rẹ̀ ń jáde láti imú ni. Imú ti di ẹ̀rí ìṣèlú. Ní Los Angeles, àwọn ọmọ Mẹ́síkò ń kún eré rẹ̀ wìtìwìtì, wọ́n ń dunnú, wọn ò dá sí ìjà náà.

Rourke kú lóṣù Karùn-ún 2023, àrùn jẹjẹrẹ ló pa á, lẹ́ni ọdún 59. Ọjọ́ yẹn nìkan ni gbogbo wọn jọ sunkún kan náà, lórí ẹni tó ń mú 10. Ọdún kan lé díẹ̀ lẹ́yìn náà, Oasis, ẹgbẹ́ olórin Manchester míì tó ti tú ká, ní àwọn ń padà bọ̀, olólùfẹ́ kan sì bi Marr bóyá tiwọn náà lè ṣeé ṣe. Marr ò sọ nǹkan kan. Àwòrán Nigel Farage, olóṣèlú ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tó ń tako àwọn tó ń ṣí wọ̀lú, ló fi dá a lóhùn.

Morrissey náà wá já gbogbo wa láyà. Lóṣù Kẹsàn-án 2025, ó kéde pé òun fẹ́ ta gbogbo ohun tó jẹ́ tòun nínú The Smiths: orúkọ, àwòrán ara àwo, ọ̀rọ̀ orin, gbogbo ẹ̀, ó ti sú òun. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti ń pariwo láti 1983 pé ẹ̀yin lẹ ni ẹkún yẹn, ọjà rèé. Kí ẹni tó bá máa rà á ṣáà ka ìwé àdéhùn dójú àmì, kó sì kọ́kọ́ bá onílù sọ̀rọ̀.