Ẹ̀wà Òkè Ọya: Àdéhùn Ló Yẹ Kí Àwọn Gómìnà Wa Bá Àgbẹ̀ Ṣe

Ní oṣù Keje ọdún 2024, nígbà tí owó kóńgò ẹ̀wà ti kọjá agbára ọ̀pọ̀ ìdílé, Ìjọba Àpapọ̀ kéde pé òun yóò mú owó bodè kúrò fún 150 ọjọ́ lórí àgbàdo, àlìkámà, ìrẹsì pupa àti ẹ̀wà tí wọ́n bá kó wọlé láti ilẹ̀ òkèèrè. A lè gbọ́ ti àlìkámà, nítorí kò pọ̀ lóko wa. Ti ẹ̀wà ni ó yà wá lẹ́nu. Kò sí orílẹ̀-èdè kankan láyé tí ń gbin ẹ̀wà tí a fi ń din àkàrà yìí tó Nàìjíríà. Orílẹ̀-èdè Niger tí ó múlé tì wá ni ó tẹ̀lé wa. Ìjọba tí ó bá wá di pé ó ń ṣí ẹnubodè sílẹ̀ nítorí irú oúnjẹ bẹ́ẹ̀, oko ni ó yẹ kí ó kọ́kọ́ lọ wò.

Oko náà kò sí nítòsí wa. Kánò, Jìgáwá, Kàtsínà, Sókótó, Yòbè àti Bọ̀nọ́ ni ọ̀pọ̀ jù lọ ẹ̀wà tí ń dé Bódìjà àti Mile 12 ti ń wá, púpọ̀ nínú rẹ̀ sì ń gba ọjà Dáwànáù ní Kánò kọjá. Ilẹ̀ gbígbẹ ni ilẹ̀ ibẹ̀: òjò kì í dúró dáadáa kí oṣù Kẹfà tó dé, kí oṣù Kẹwàá sì tó wọlé, ó ti ń palẹ̀ mọ́. Àwọn àgbẹ̀ alárojẹ tí oko wọn kò ju hẹ́kítà kan sí méjì lọ ni wọ́n ń gbin èyí tí ó pọ̀ jù, ohun tí wọ́n sì ń rí kó kì í sábà pé tọ́ọ̀nù kan lórí hẹ́kítà, bẹ́ẹ̀ ni irúgbìn dáadáa tí a tọ́jú bí ó ti yẹ lè so tọ́ọ̀nù méjì lórí ilẹ̀ kan náà. Ẹni tí ó bá rò pé ọ̀lẹ ni ó fà á kò tíì rí ẹni tí ń ṣán oko nínú oòrùn Jìgáwá.

Kòkòrò ni olórí ọ̀tá. Èyí tí àwọn onímọ̀ ń pè ní Maruca ni ó burú jù nínú wọn. Òru ni ìyá rẹ̀, tí ó dà bí labalábá kékeré, máa ń fò wá yé ẹyin sára ìtànná ẹ̀wà. Ìdin tí ẹyin náà bá pa yóò wọ inú òdòdó, yóò fi òwú tẹ́ẹ́rẹ́ rán òdòdó mọ́ ewé, yóò sì máa jẹun lábẹ́ ààbò yẹn níbi tí oògùn kò ti lè tètè kàn án. Kí àgbẹ̀ tó fura, òdòdó ti rẹ̀ dànù, èyí tí ó ti di èso sì ti ní ihò lára. Bí ó bá pọ̀ lóko, ó lè kó ìdá mẹ́jọ nínú mẹ́wàá ìkórè lọ. Nítorí rẹ̀ ni àwọn àgbẹ̀ kan fi ń fín oògùn nígbà mẹ́fà sí mẹ́jọ ní àsìkò kan ṣoṣo, ọ̀pọ̀ nínú wọn láìní ìbọ̀wọ́, láìsí ohun tí wọ́n fi bo imú, tí owó oògùn sì ń jẹ èrè wọn tán kí ẹ̀wà tó gbó.

Ilé ẹ̀kọ́ ìwádìí iṣẹ́ àgbẹ̀ tí ó wà ní Yunifásítì Ahmadu Bello, Sáríà, ti mú irúgbìn kan jáde nítorí kòkòrò yìí. SAMPEA 20-T ni orúkọ rẹ̀. Ìjọba fọwọ́ sí i ní ọdún 2019, ó sì dé ọwọ́ àwọn àgbẹ̀ ní ọdún 2021. Wọ́n yí àbùdá rẹ̀ padà kí ó lè dá Maruca dúró fúnra rẹ̀, débi pé fínfín bí ẹ̀ẹ̀mejì péré lè tó o. A mọ̀ pé ọ̀rọ̀ irúgbìn tí a yí àbùdá rẹ̀ padà ń dá àríyànjiyàn sílẹ̀, a kò sì gbà pé ó yẹ kí ẹnikẹ́ni pa àwọn tí ń béèrè ọ̀rọ̀ lẹ́nu mọ́. Kí ìjọba kọ orúkọ irúgbìn náà gàdàgbà sára àpò rẹ̀, kí àgbẹ̀ mọ ohun tí òun ń rà, kí ẹni tí kò bá fẹ́ ẹ sì rí òmíràn rà. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó ń bẹ̀rù ẹ̀wà yìí, tí kò sì bẹ̀rù èyí tí a fín ní oògùn nígbà mẹ́jọ, ó yẹ kí ó tún èrò rẹ̀ pa.

SAMPEA 20-T nìkan kò sì lè gba oko là. Kò dí àwọn kòkòrò tí ń fa omi ara èso lọ́wọ́, kò sì ní agbára kankan lórí àwọn tí ń lu ẹ̀wà nínú àpò. Bí iná kò bá tán lórí aṣọ, ẹ̀jẹ̀ kì í tán léèékánná. Ohun tí ó yẹ kí ó dé oko pọ̀, púpọ̀ nínú rẹ̀ ni ó sì ti wà nílẹ̀ tipẹ́. Ní Ìbàdàn níbí, ilé ìwádìí IITA tí wọ́n dá sílẹ̀ ní ọdún 1967 ní irú ẹ̀wà tí ó lé ní 15,000 nípamọ́, kò sì sí ibòmíràn láyé tí wọ́n kó irú rẹ̀ jọ tó bẹ́ẹ̀. Òun àti àwọn ará Sáríà ti mú irúgbìn jáde tí ń gbó láàárín nǹkan bí ọgọ́ta sí márùndínlọ́gọ́rin ọjọ́, kí òjò tó dá, àti èyí tí èpò Striga, tí ń ṣe bí afòmọ́ lára gbòǹgbò ẹ̀wà, kò lè borí. IITA kan náà fi hàn ní àríwá pé bí àgbẹ̀ bá gbin poro ọkà bàbà méjì sí ẹ̀gbẹ́ poro ẹ̀wà mẹ́rin, dípò kí ó gbìn wọ́n ní poro kọ̀ọ̀kan, òjìji ọkà kò ní bo ẹ̀wà mọ́lẹ̀. Owó wo ni ìyẹn ń ná àgbẹ̀? Kí ẹnìkan ṣáà ti lọ sọ fún un.

Ẹni tí yóò sọ fún un ni kò sí. Láti nǹkan bí ọdún 1975 ni owó Báńkì Àgbáyé ti ń ti àjọ ìdàgbàsókè iṣẹ́ àgbẹ̀ tí a mọ̀ sí ADP lẹ́yìn, tí àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀ ń gun alùpùpù kiri abúlé láti kọ́ àgbẹ̀. Nígbà tí owó náà dáwọ́ dúró láàárín ẹ̀wádún 1990, ọ̀pọ̀ ìpínlẹ̀ kò fi tiwọn rọ́pò rẹ̀. Àwọn ilé iṣẹ́ aládàáni tí ń ta irúgbìn kò sì fẹ́ràn ẹ̀wà, nítorí àgbẹ̀ tí ó bá ra irúgbìn ẹ̀wà lẹ́ẹ̀kan lè mú nínú ìkórè rẹ̀ gbìn fún ọdún mélòó kan. Ohun tí ó jẹ́ ìrọ̀rùn fún àgbẹ̀ ni kò mú èrè wá fún oníṣòwò, ìdí sì nìyẹn tí iṣẹ́ yìí fi jẹ́ ti ìjọba àti ẹgbẹ́ àgbẹ̀ gan-an. Ti ajílẹ̀ náà rí bẹ́ẹ̀. NPK 20-10-10 ni ètò ajílẹ̀ Ìjọba Àpapọ̀ tí ó bẹ̀rẹ̀ ní ìparí ọdún 2016 gbájú mọ́, èyí tí náítírójìn pọ̀ nínú rẹ̀, tí ó sì dára fún àgbàdo. Ẹ̀wà ní tirẹ̀ ń fi àwọn kókó wẹ́wẹ́ ara gbòǹgbò rẹ̀ fa náítírójìn láti inú afẹ́fẹ́, fọ́sífọ́rọ́ọ̀sì ni ó ń wá lójú méjèèjì. Àgbẹ̀ tí ó bá da náítírójìn púpọ̀ sídìí rẹ̀ yóò kàn rí ewé tútù yọ̀yọ̀ ni.

Lẹ́yìn ìkórè ni èyí tí ó dùn wá jù ń ṣẹlẹ̀. Kòkòrò tí ń lu ẹ̀wà ń bá a wọ àpò láti oko, láàárín oṣù díẹ̀ ó ti sọ ọ́ di ihò àti ìyẹ̀fun, nítorí náà àgbẹ̀ ń tà kíá nígbà tí owó kò tíì dára, àwọn tí wọ́n sì rà á pamọ́ ń wọ́n oògùn sí i. Oògùn yẹn, dichlorvos, ni Àjọ Ìṣọ̀kan Ilẹ̀ Yúróòpù rí nínú ẹ̀wà wa tí wọ́n fi fòfin dè é ní oṣù Kẹfà ọdún 2015. Wọ́n lé ẹ̀wà náà padà kúrò ní èbúté wọn. Àwa ń jẹ ẹ́ nílé. Bẹ́ẹ̀ sì ni àpò tí wọ́n ń pè ní PICS ti wà lọ́jà, tí kò nílò oògùn kankan. Ọ̀rá líle méjì ni, ọ̀kan nínú èkejì, tí àpò tí a hun wá bo méjèèjì. Àgbẹ̀ yóò da ẹ̀wà gbígbẹ sí i, yóò tẹ afẹ́fẹ́ inú rẹ̀ jáde, yóò lọ́ ẹnu ọ̀rá àkọ́kọ́ pọ̀, yóò ṣẹ́ ẹ po, yóò sì dì í pinpin kí ó tó kan èkejì, kí ó tó wá kan àpò. Kòkòrò inú rẹ̀ yóò mí afẹ́fẹ́ tí ó ṣẹ́kù tán, yóò sì kú.

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti kan àwọn gómìnà ilẹ̀ Yorùbá nìyí. Ẹnìkan lè béèrè ohun tí ó kan gómìnà Ọ̀yọ́ tàbí ti Èkó nínú oko Jìgáwá. Ohun tí ó kàn án ni pé àwọn ará ìlú rẹ̀ ni ń jẹ ẹ̀wà náà. Òótọ́ ni pé ẹ̀wà ń ṣe dáadáa ní Òkè Ògùn, ó sì yẹ kí a ràn wọ́n lọ́wọ́ níbẹ̀, ṣùgbọ́n ọ̀rinrin ilẹ̀ wa ń bí kòkòrò ó sì ń mú kí èso jẹrà lórí ewéko. A kò ní fi Òkè Ògùn nìkan bọ́ Èkó láéláé. Àdéhùn irú èyí kò sì ṣàjèjì sí wa. Ní ọdún 2016, Ìpínlẹ̀ Èkó àti Kébbí tọwọ́ bọ ìwé lórí ìrẹsì, ìrẹsì LAKE sì bọ́ sójà ní oṣù Kejìlá ọdún náà. Àléébù tirẹ̀ ni pé ọjà olówó pọ́ọ́kú fún àsìkò ọdún ni wọ́n fi ṣe, kò sì fẹsẹ̀ múlẹ̀ títí. Ti ẹ̀wà gbọ́dọ̀ bẹ̀rẹ̀ láti ìdí irúgbìn: kí àwọn ìpínlẹ̀ wa dá owó jọ, kí wọ́n gbé e fún àwọn ẹgbẹ́ àgbẹ̀ ní Jìgáwá àti Kánò, èyí tí àwọn obìnrin wà nínú rẹ̀, láti sọ irúgbìn tí IITA àti Sáríà mú jáde di púpọ̀, láti ra àpò PICS àti láti san owó oṣù àwọn òṣìṣẹ́ tí yóò máa dé oko. Kí wọ́n ṣèlérí iye kan tí owó kò ní wálẹ̀ kọjá rẹ̀, kí wọ́n sì gba ẹ̀wà náà lọ́wọ́ wọn ní àsìkò ìkórè. Ètò ààbò wà lára rẹ̀, a kò fi pamọ́. Ibi tí àgbẹ̀ kò ti lè rí oko lọ, irúgbìn kò lè ràn án lọ́wọ́, nítorí náà ibi tí ọkàn ti balẹ̀ ni kí wọ́n ti bẹ̀rẹ̀.

Oṣù Kẹfà sí Keje ni wọ́n ń gbin ẹ̀wà níbẹ̀. Irúgbìn àti ajílẹ̀ gbọ́dọ̀ ti wà ní abúlé kí oṣù Karùn-ún tó parí, èyí tí ó túmọ̀ sí pé inú ètò ìnáwó tí àwọn ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin wa ń jókòó lé lórí ní ìparí ọdún ni owó rẹ̀ gbọ́dọ̀ wà. Ìpínlẹ̀ tí kò bá kọ ọ́ síbẹ̀ ti pa ọdún kan jẹ́ fún ara rẹ̀.