Dátà kan ò ju dátà kan lọ

Ẹni tó bá ti ra dátà WhatsApp nìkan rí mọ bó ṣe máa ń ṣe. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ fi líǹkì ránṣẹ́ pé ibì kan ń gba àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde yunifásítì síṣẹ́. Ó tẹ̀ ẹ́. Àmì róbótó yẹn bẹ̀rẹ̀ sí í yí, ó ń yí, ó ń yí, ojú ewé ò ṣí. Líǹkì wọlé, ibi tó júwe ni kò ṣeé dé. Bí owó ìpè bá sì wà lórí fóònù, ó lè ṣí o, àmọ́ owó yẹn ni yóò máa jẹ lábẹ́nú, ní iye tó wọ́n ju ti dátà lọ.

Ìlànà tí wọ́n ń pè ní net neutrality kò ju báyìí lọ: kí ilé iṣẹ́ tó ń ta dátà gbé ẹrù gbogbo èèyàn bákan náà, kó má béèrè ẹni tó fi í ránṣẹ́ tàbí ohun tó wà nínú rẹ̀. Awakọ̀ tó gbà yín láti Ìwó Road dé Dùgbẹ̀ ò lẹ́tọ̀ọ́ láti yan ìsọ̀ tí ẹ ó ti nájà. Ohun tí a sì ń fẹ́ ni kí NCC, àjọ tó ń bójú tó àwọn ilé iṣẹ́ ìbánisọ̀rọ̀ ní Nàìjíríà, fòpin sí títa dátà tó ń yan ìsọ̀ fún oníbàárà.

Ká ní eré lásán la ń fi íntánẹ́ẹ̀tì ṣe ni, a kì bá tí dá sí i. Ṣùgbọ́n ẹ rántí oṣù kejì ọdún 2023, nígbà tí náírà tuntun di àwátì. Aláta ò ní jẹ́ kí ọjà kúrò níwájú rẹ̀ àfi tí alẹ́ẹ̀tì bá dún. Nẹ́tíwọ̀kì ń ṣe ségesège, oníbàárà dúró, aláta dúró, tòmátì ń rà. Lọ́jọ́ 14 oṣù kẹta ọdún 2024, wáyà abẹ́ òkun mẹ́rin tó ń gbé íntánẹ́ẹ̀tì wá, WACS, MainOne, ACE àti SAT-3, bàjẹ́ lọ́jọ́ kan náà nítòsí Abidjan. Abidjan jìnnà sí Èkó, síbẹ̀ áàpù àwọn báńkì kan ní Nàìjíríà kọ̀ kò ṣí, ó sì gba ọ̀pọ̀ ọ̀sẹ̀ kí wọ́n tó tún àwọn wáyà náà so tán. Lọ́jọ́ bẹ́ẹ̀ ọ̀nà tó kù á di tóóró. Bí kò bá sófin, ẹni tó lówó jù ló máa kọ́kọ́ kọjá: fíìmù á lọ, àwòrán àyẹ̀wò tí ọsibítù fẹ́ fi ránṣẹ́ á tò sẹ́yìn.

Ẹ jẹ́ ká wo bí wọ́n ṣe ń ya dátà sọ́tọ̀. Kí fóònù yín tó bá ìkànnì kan sọ̀rọ̀ ní kọ́lọ́fín, ó máa ń kọ́kọ́ dárúkọ rẹ̀ ní gbangba, bí àlejò tó kan ilẹ̀kùn tó ní “Lágbájá ni mo wá rí.” Ẹ̀rọ ilé iṣẹ́ náà ń gbọ́. Á wo orúkọ yẹn àti nọ́ńbà àdírẹ́sì rẹ̀ mọ́ àkọsílẹ̀ tó wà lọ́wọ́ rẹ̀. Bó bá bá a níbẹ̀, á yọ ọ́ nínú àpò WhatsApp. Bí kò bá bá a, á yọ ọ́ nínú àpò mìíràn, tàbí kó dí i pátápátá.

Àkọsílẹ̀ yìí gan-an ni wàhálà. Bí áàpù bá gba àdírẹ́sì tuntun tí wọn ò tètè fi kún un, ohun tí oníbàárà ti sanwó fún á dákẹ́. Ìpè àti fídíò kì í gba ọ̀nà kan náà pẹ̀lú ọ̀rọ̀ kíkọ, torí ẹ̀ ni ọ̀rọ̀ fi lè wọlé kí ìpè má lọ. Ẹni tó tan áàpù VPN ti fi orúkọ ibi tó ń lọ pamọ́, dátà WhatsApp ọ̀hún di òkú lọ́wọ́ rẹ̀. Áàpù tí ọmọ Abẹ́òkúta kan bá sì kọ lónìí ò sí nínú àkọsílẹ̀ náà, bó ti wù kó dára tó.

Àbùkù mìíràn wà níbẹ̀ tí àwọn èèyàn kì í sábà rò. Ní oṣù kẹjọ ọdún 2014, nígbà Ebola, ọ̀rọ̀ pé kí wọ́n mu omi iyọ̀, kí wọ́n sì fi í wẹ̀, rìn láti fóònù dé fóònù kí ilẹ̀ tó mọ́. Ẹni tí dátà rẹ̀ kò kọjá WhatsApp á gba irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ wọlé, kò sì ní lè dé ìkànnì NCDC, àjọ ìjọba tó ń gbógun ti àjàkálẹ̀ àrùn, láti mọ̀ bóyá irọ́ ni. Òfófó ń rìn ní ẹ̀dínwó, àlàyé ń san gbogbo owó.

Irú ẹ̀rọ tó sì lè ya áàpù kan sọ́tọ̀ láti dín owó rẹ̀ kù náà ló lè yà á sọ́tọ̀ láti tì í pa. Twitter ò ṣí fún wa láti oṣù kẹfà ọdún 2021 títí di ọjọ́ 13 oṣù kìíní ọdún 2022, torí pé ìjọba àpapọ̀ pàṣẹ bẹ́ẹ̀. Ilé ẹjọ́ ECOWAS ní kò bófin mu, àmọ́ oṣù keje ọdún 2022 ni ìdájọ́ yẹn tó dé.

Àwọn ilé iṣẹ́ ní tiwọn láti sọ. Dísù wọ́n, àwọn katakata tó ń ṣe ọ̀nà ń hú wáyà, owó ilẹ̀ tí àwọn ìpínlẹ̀ ń gbà kí wọ́n tó ri wáyà sì ga. Òótọ́ ni. Àwọn gómìnà ti fẹnu kò sórí náírà 145 fún mítà kan, ọ̀pọ̀ ò sì tètè tẹ̀ lé e. Èkìtì gé tirẹ̀ láti 4,500 sí 145 lọ́dún 2020, kí àwọn tí kò tíì ṣe bẹ́ẹ̀ lọ wò ó. Ṣùgbọ́n NCC ti gbà wọ́n láyè ní oṣù kìíní ọdún 2025 pé kí wọ́n fi tó ìdajì lé iye tí wọ́n ń tà. Wọ́n tún máa ń ní dátà WhatsApp ló gbé mẹ̀kúnnù dé orí íntánẹ́ẹ̀tì. Bí gíìgì kan ti WhatsApp bá lè jáde ní iye kan láìjẹ gbèsè, kí ló dé tí gíìgì kan tó ń ṣí ohun gbogbo ò lè jáde ní iye yẹn? Òpó kan náà ló gbé méjèèjì. Wọ́n á ní fídíò ni oníbàárà máa fi jẹ ẹ́ tán. Ó dáa, gíìgì tirẹ̀ ló tán.

Íńdíà fòfin de irú ìyàtọ̀ owó yìí ní oṣù kejì ọdún 2016. Oṣù mẹ́ta lẹ́yìn náà ni Facebook àti Airtel gbé Free Basics, tó ń ṣí ìkànnì díẹ̀ péré lọ́fẹ̀ẹ́, wọ Nàìjíríà. Ní Hungary, ilé iṣẹ́ Telenor ta dátà tó jẹ́ pé bó bá tán, àwọn áàpù tí wọ́n yàn á máa sáré lọ, ìyókù á di ìjàpá; ilé ẹjọ́ àgbà Yúróòpù ní irú rẹ̀ kò bófin mu lọ́jọ́ 15 oṣù kẹsàn-án ọdún 2020.

Kí ẹ tó fẹjọ́ sùn pé wọ́n ń fa áàpù kan sẹ́yìn, ẹ yẹ̀ ẹ́ wò. Bí gbogbo nǹkan bá ń falẹ̀ ní agogo mẹ́jọ alẹ́, òpó ló kún, kì í ṣe ojúsàájú. Áàpù Wehe máa ń rán ẹrù tó jọ ti áàpù kan, á tún rán ẹrù kan náà lẹ́yìn tó ti da ohun inú rẹ̀ rú tí ẹ̀rọ ò fi ní dá a mọ̀. Bí èkejì bá ń yá ju àkọ́kọ́ lọ léraléra, ẹnì kan ń yan ẹrù. Ẹ ṣe é lẹ́ẹ̀mẹ́ta, láàárọ̀, lọ́sàn-án àti lálẹ́, kí ẹ kọ ọjọ́, àdúgbò àti irú dátà tí ẹ rà sílẹ̀. Ẹ pe 300, nọ́ńbà ilé iṣẹ́ tó ta dátà fún yín, kí ẹ gba nọ́ńbà ẹjọ́ yín. Bí wọn ò bá dáhùn, 622 ni ti NCC.

A gbà pé bí òpó bá kún, wọ́n lè dín gbogbo fídíò kù bákan náà, kí wọ́n sì kéde rẹ̀. A gbà pé kí nọ́ńbà pàjáwìrì jẹ́ ọ̀fẹ́, àti ìkànnì ìlera nígbà àjàkálẹ̀ àrùn. Ju ìyẹn lọ, rárá. Kí ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin kọ ọ́ sínú òfin ìbánisọ̀rọ̀ ọdún 2003 kedere: ní Amẹ́ríkà wọ́n fi ìlànà yìí lélẹ̀ lọ́dún 2015, wọ́n fagi lé e lọ́dún 2017, wọ́n dá a padà lọ́dún 2024, ilé ẹjọ́ sì tún wó o ní oṣù kìíní ọdún 2025 pé òfin ò fún FCC, àjọ ìbánisọ̀rọ̀ wọn, lágbára rẹ̀. Àmọ́ NCC ò ní láti dúró de àwọn aṣòfin. Òfin ti sọ pé iye owó dátà kì í dé ọjà láìjẹ́ pé wọ́n bu ọwọ́ lù ú. Dátà aláàpù-kan tó bá tún dé orí tábìlì wọn, kí wọ́n dá a padà.