Ọwọ́ Ènìyàn Kọ́ Ló Ń Mú Kí Ẹyẹ Kọ Ọmọ Rẹ̀

Ó sábà máa ń bọ́ sí àsìkò tí ọwọ́ gbogbo ará ilé dí. Ìkòkò wà lórí iná, ẹnì kan ń wá ẹsẹ̀ bàtà kejì, omi ìwẹ̀ ń tutù lọ, ni ọmọ kan bá sáré wọlé pé ẹyẹ kan wà nílẹ̀ lẹ́yìn ilé, kò lè fò. Kó tó sọ̀rọ̀ tán, àgbà ti kígbe mọ́ ọn: "Má fọwọ́ kàn án o! Bí ìyá rẹ̀ bá ti gbóòórùn ènìyàn lára rẹ̀, kò ní gbà á mọ́." Bí ọmọ náà kò bá tíì fọwọ́ kàn án, wọ́n á fi ẹyẹ sílẹ̀ níbi tó wà, kódà kó jẹ́ ojú ọ̀nà ajá. Bó bá ti fọwọ́ kàn án, wọ́n á ní ẹ̀pa ò bóró mọ́, kí wọ́n kúkú máa sìn ín nínú ilé. Ọ̀nà méjèèjì ló ń ṣekú pa ọmọ ẹyẹ, bẹ́ẹ̀ ọ̀rọ̀ tí wọ́n gbé e kà kì í ṣe òótọ́.

Ẹ wo iṣẹ́ àwọn tó ń ṣèwádìí ẹyẹ. Lọ́dún 1899, olùkọ́ kan ní orílẹ̀-èdè Denmark, Hans Christian Mortensen, bẹ̀rẹ̀ sí í fi òrùka fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ tó ní nọ́ńbà sí ẹyẹ lẹ́sẹ̀, kó lè mọ ibi tí wọ́n ń lọ. Iṣẹ́ yìí ti tàn ká ayé láti ìgbà náà, ọ̀pọ̀ nínú àwọn ẹyẹ tí wọ́n sì ń fi òrùka sí ló jẹ́ ọmọ tó ṣì wà nínú ìtẹ́. Wọ́n á kó wọn jáde lọ́kọ̀ọ̀kan, wọ́n á wọ̀n wọ́n, wọ́n á na apá wọn lé rúlà, wọ́n á fi òrùka sí wọn lẹ́sẹ̀, wọ́n á dá wọn padà. Àwọn òbí á tún máa gbé kòkòrò bọ̀, nígbà mìíràn kí ẹni tó gun àkàbà tó rìn jìnnà. Bó bá jẹ́ ọwọ́ ènìyàn ló ń lé ìyá sá ni, kò sí ọ̀kan nínú àwọn ọmọ wọ̀nyẹn tí ì bá dàgbà.

Àwọn kan máa ń ta ko ìgbàgbọ́ yìí pé ẹyẹ kì í gbọ́ òórùn rárá. Ìyẹn náà kò tọ̀nà. Igún olórí pupa kan wà ní ilẹ̀ Amẹ́ríkà tó jẹ́ pé imú ló fi ń wá òkú ẹran tó wà lábẹ́ igbó. Ẹyẹ kiwi ti New Zealand ní ihò imú ní ṣóńṣó àgógó rẹ̀, òun ló fi ń wá ekòló nínú ilẹ̀. Ẹyẹ ń gbọ́ òórùn. Wọn kì í kàn tìtorí òórùn ta ọmọ nù ni. Ẹyẹ kékeré tó kọ́ ìtẹ́ sórí igi ẹ̀yìnkùlé ti sàba lórí ẹyin fún nǹkan bí ọ̀sẹ̀ méjì, ó sì tún ń lọ ó ń bọ̀ pẹ̀lú oúnjẹ lẹ́nu, ó lè lé ní ọgọ́rùn-ún ìgbà lójúmọ́. Ẹnu tó là sílẹ̀ gbàgà àti igbe ebi ló ń rán an níṣẹ́. Àwọn ẹyẹ kan wà tó ń yé ẹyin sínú ìtẹ́ onítẹ̀ẹ́, onítọ̀hún á sì máa bọ́ ọmọ àjèjì náà títí yóò fi tóbi ju òun fúnra rẹ̀ lọ, nítorí pé ó lanu, ó sì ń ké. Ìyá tó gba irú ọmọ bẹ́ẹ̀ kò ní kọ tirẹ̀ nítorí ìka ọmọdé.

Kí ló wá dé tí ọmọ ẹyẹ tí wọ́n fọwọ́ kàn fi ń kú lóòótọ́? Lọ́pọ̀ ìgbà, òtútù ni. Ara ẹyẹ àgbà gbóná tó nǹkan bí 40 °C, ó ju ti ènìyàn lọ, ṣùgbọ́n ọmọ tí kò tíì hu ìyẹ́ kò lè dá mú ara rẹ̀ gbóná. Ìyá ló ń fi ara bò ó. Bó bá ti ṣubú, tó sì pẹ́ nílẹ̀, ara rẹ̀ á tutù, ọrùn rẹ̀ á rọ, kò ní lè gbórí sókè, kò ní lè lanu. Tí wọ́n bá gbé e padà bẹ́ẹ̀, ìyá á dé pẹ̀lú kòkòrò, á fi sẹ́nu àwọn tó lanu, èyí tó dákẹ́ kò ní rí nǹkan kan jẹ. Lọ́jọ́ kejì wọ́n á bá òkú rẹ̀, wọ́n á ní ọwọ́ ló fà á. Bẹ́ẹ̀ sì rèé, ọwọ́ yẹn gan-an ni ì bá gbà á là: ká fi àtẹ́lẹwọ́ méjèèjì bò ó, láìfún un mọ́ra, títí ara rẹ̀ á fi lọ́wọ́ọ́wọ́, tí yóò tún bẹ̀rẹ̀ sí í gbórí, kó tó padà sínú ìtẹ́.

Ibì kan ṣoṣo wà tí ìkìlọ̀ àwọn àgbà ti ní ìdí. Ẹyẹ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ ìtẹ́, tàbí tó ṣẹ̀ṣẹ̀ yé ẹyin, lè fi í sílẹ̀ bí ènìyàn bá ń yọjú wò ó lemọ́lemọ́. Ìbẹ̀rù ló ń lé e, ó rò pé ohun tó máa pa á ti mọ ilé rẹ̀. Nítorí náà, ẹ máa kìlọ̀ fún ọmọ pé kó má tú ìtẹ́ wò. Ẹ kàn sọ ìdí tó jẹ́ òótọ́ fún un.

Kẹ́ ẹ tó ṣe ohunkóhun, ẹ wo bó ṣe dàgbà tó. Èyí tó wà ní ìhòòhò, tí ojú rẹ̀ ṣì dì, tàbí tí ìyẹ́ rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń yọ bí abẹ́rẹ́, inú ìtẹ́ ni ilé rẹ̀, ó ní láti padà. Èyí tí ìyẹ́ ti bo ara rẹ̀, tí ìrù rẹ̀ kúrú, tí ìyẹ́ wínníwínní díẹ̀ ṣì ń dúró lórí rẹ̀, tó ń tọ pọ́ńpọ́ńpọ́ nílẹ̀, kò ṣubú rárá. Òun fúnra rẹ̀ ló jáde. Ọ̀pọ̀ ẹyẹ ló máa ń fi ìtẹ́ sílẹ̀ ní ọjọ́ mélòó kan kí wọ́n tó lè fò dáadáa, àwọn òbí á sì máa bọ́ wọn nínú koríko àti lórí ẹ̀ka tó kúrú. Bí ẹ kò bá dá a mọ̀, ẹ gbé e lé ìka: bó bá dì í mú, tó dúró lórí rẹ̀, ó ti kúrò nínú ìtẹ́. Ẹ má gbé e wọlé. Bó bá wà lójú ọ̀nà, ẹ gbé e sínú igbó tàbí òdòdó tó sún mọ́ ọn jù lọ, kò gbọdọ̀ ju ibi tí òbí rẹ̀ á ti gbọ́ igbe rẹ̀ lọ, kí ẹ sì ti ajá àti ológbò mọ́lé. Ẹ̀ṣẹ̀ tó pọ̀ jù nínú ọ̀rọ̀ yìí ni gbígbé irú ẹyẹ bẹ́ẹ̀ sínú páálí nígbà tí ìyá rẹ̀ wà lókè orùlé tó ń pè é.

Ọmọ ìhòòhò ni ó gba iṣẹ́. Ẹ wá ìtẹ́ rẹ̀ lókè ibi tí ẹ ti rí i. Bí ọwọ́ bá tó o, ẹ mú ara rẹ̀ móoru tán, ẹ rọra gbé e sáàárín àwọn tó kù. Bí àwọn yẹn bá ti hu ìyẹ́ púpọ̀, ẹ yára, nítorí ẹ̀rù lè mú wọn fò jáde kí ọjọ́ wọn tó pé. Ẹ fi ọwọ́ bò wọ́n títí wọ́n á fi dákẹ́.

Bí ìtẹ́ bá ti fọ́, tàbí tí ọwọ́ kò tó o, ẹ ṣe òmíràn. Apẹ̀rẹ̀ kékeré tàbí abọ́ oníke tó fẹ̀ tó sẹ̀ǹtímítà 12 sí 15, tí kò jìn ju sẹ̀ǹtímítà 8 lọ, ló dára. Bó bá jìn jù, ìyá kò ní lè rí ohun tó ń bọ̀ láti inú rẹ̀. Ẹ lu ihò márùn-ún tàbí mẹ́fà sí ìdí rẹ̀, torí òjò. Koríko gbígbẹ ni kí ẹ tẹ́ sí i. Koríko tútù ń fa òtútù, òwú sì máa ń lọ́ mọ́ ọmọ lẹ́sẹ̀ títí ẹ̀jẹ̀ kò fi ní lọ síbẹ̀. Ẹ fi wáyà so ó mọ́ igi kan náà, lábẹ́ ewé, kí oòrùn má bàa pa á. Fún alápàáǹdẹ̀dẹ̀ tí ilé amọ̀ rẹ̀ já lábẹ́ òrùlé, ẹ kan ìdajì abọ́ mọ́ ògiri níbi tí ilé náà wà gan-an.

Àwa ènìyàn kì í fẹ́ wo ohun tí ebi ń pa láìfún un ní nǹkan, ibẹ̀ ni inú rere ti ń di ikú. Ẹ má kán omi sí ọmọ ẹyẹ lẹ́nu. Ihò tí ẹyẹ fi ń mí wà ní ìdí ahọ́n rẹ̀, lójú kòrókòró. Ẹ ó rí i bó bá lanu, tó ń ṣí tó ń pa dé. Omi tí ẹ bá kán síbẹ̀, ẹ̀dọ̀fóró ló ń bá lọ. Nínú kòkòrò tí ìyá ń gbé wá ni omi rẹ̀ wà. Ikùn ẹyẹ kì í da mílíìkì, búrẹ́dì sì máa ń wú nínú ọ̀fun rẹ̀ láìfún un ní okun. Bí ilẹ̀ bá ti ṣú tí ẹ kò lè dá a padà, ooru ni kí ẹ fún un: ẹ fi aṣọ wé igo omi tó lọ́wọ́ọ́wọ́, ẹ gbé e sí ìhà kan nínú páálí tó ní ihò afẹ́fẹ́, kí ìhà kejì ṣófo, kó lè sún kúrò bí ó bá gbóná jù. Ẹ gbé páálí náà síbi òkùnkùn tí ariwo ọmọdé kò dé. Bí ojúmọ́ bá mọ́, ẹ dá a padà.

Èyí tí ológbò ti gbé sẹ́nu kò ní padà sínú ìtẹ́, kódà bí ẹ kò bá rí ọgbẹ́. Itọ́ ológbò ní kòkòrò àrùn tó máa ń pa ẹyẹ láàárín ọjọ́ kan sí méjì bí kò bá rí oògùn. Ilé dókítà ẹranko ni kí ẹ gbé e lọ lọ́jọ́ náà, bẹ́ẹ̀ náà ni èyí tí apá rẹ̀ já, tó ń ṣẹ̀jẹ̀, tàbí tí eṣinṣin ti yé ẹyin sí lára. Kí ọmọ tó gbé e sì fi ọṣẹ fọ ọwọ́ dáadáa kó tó jẹun.

Lẹ́yìn tí ẹ bá ti dá a padà, ẹ padà sínú ilé. Ìyá kò ní wá níṣojú yín. Ẹ yan ọmọ kan sójú fèrèsé, bí ìṣísẹ̀ ogún sí ìtẹ́, kó máa wò fún wákàtí kan sí méjì. Àdàbà nìkan ni kí ẹ mú sùúrù fún ju bẹ́ẹ̀ lọ, nítorí inú ọ̀fun ló ń kó oúnjẹ ọmọ rẹ̀ sí, ìgbà díẹ̀ péré ló ń bọ́ wọn lójúmọ́, ẹ kò sì ní rí kòkòrò lẹ́nu rẹ̀. Fún àwọn yòókù, bí ọmọ tó ń ṣọ́nà bá ti pariwo pé ẹyẹ kan balẹ̀ létí ìtẹ́ náà lẹ́ẹ̀kan, tí nǹkan wà lẹ́nu rẹ̀, tó sì fò lọ láìsí i lẹ́nu mọ́, ẹ lè padà sídìí ìkòkò yín.