Òfin Tó Ń Dáàbò Bo Awò Rédíò Gbọ́dọ̀ Kan Sátẹ́láìtì

Láti ọdún 1958 ni Amẹ́ríkà ti ya agbègbè ńlá kan sọ́tọ̀ yí Green Bank ká, ní West Virginia, kí awò rédíò tó wà níbẹ̀ lè gbọ́ ìgbì tó ń ti ojú ọ̀run wá láìsí ìdíwọ́. Ẹni tó bá fẹ́ ri òpó ìgbóhùnsáfẹ́fẹ́ tuntun mọ́lẹ̀ níbẹ̀ gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ fọ̀rọ̀ lọ àwọn tó ń tọ́jú awò náà. Gúúsù Áfíríkà náà ṣe irú òfin bẹ́ẹ̀ ní 2007, òun ló ń dáàbò bo awò 64 ti MeerKAT ní Karoo. Òfin gidi ni méjèèjì. Àmọ́ orí ilẹ̀ ni agbára wọn mọ. Apá wọn ò ká sátẹ́láìtì tó ń kọjá lókè, ibẹ̀ sì ni ewu ti ń wọlé báyìí. Èrò wa ni pé kí àwọn ìjọba dí àlàfo yìí níbi ìpàdé àgbáyé lórí ìgbì rédíò, WRC-27, tí yóò wáyé ní 2027.

Awò rédíò kì í fọ́n ohunkóhun jáde, ó ń gbọ́ ni. Ohun tó sì ń gbọ́ kéré débi pé tí ẹnì kan bá tan fóònù alágbèéká kan ṣoṣo sílẹ̀ lórí òṣùpá, ìgbì rẹ̀ yóò wà lára èyí tó lágbára jù ní gbogbo ojú ọ̀run.

Haidirójìn ni èròjà tó pọ̀ jù nínú àgbáálá ayé. Ìkànnì 1,420.4 megahertz ni ìgbì rẹ̀ ń gbà wá. Bí wọ́n bá lé ilé-iṣẹ́ tẹlifóònù kúrò lórí ìkànnì kan, yóò kó lọ sórí òmíràn. Haidirójìn ò ríbi kó lọ. Ìdí nìyẹn tí òfin ITU, àjọ àgbáyé tó ń ṣètò ìgbì rédíò, fi sọ pé ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ fọ́n ìgbì láti 1,400 dé 1,427 megahertz. Síbẹ̀, bí ìṣùpọ̀ ìràwọ̀ bá ṣe jìnnà sí wa tó ni ìkànnì ìgbì rẹ̀ ṣe ń lọ sílẹ̀ tó kó tó dé ọ̀dọ̀ wa, torí pé àgbáálá ayé ń fẹ̀ sí i. Èyí tó ti ọ̀nà jíjìn réré wá yóò já sórí ìkànnì tẹlifíṣọ̀n, ti bàálù tàbí ti fóònù. Inú agbègbè tí wọ́n yà sọ́tọ̀ nìkan ni a ti lè gbọ́ ọ. Ẹni tó bá ba ibẹ̀ jẹ́ ti pa ìtàn ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ìràwọ̀ mọ́ gbogbo wa lójú.

Ohun kékeré ti tó láti dà á rú. Níbi awò rédíò Parkes, ní Ọsirélíà, ọ̀pọ̀ ọdún ni àwọn onímọ̀ fi ń rí ìgbì kan tó ń yọ fìrí, tí wọn ò mọ ibi tó ti ń wá. Ọdún 2015 ni wọ́n tó rí i pé ẹ̀rọ microwave tó wà nínú ọgbà wọn ni, nígbà tí ẹnì kan bá ṣílẹ̀kùn rẹ̀ kó tó parí iṣẹ́. Wọ́n rí ìyẹn bójú tó. Ta ni yóò bójú tó ẹgbẹẹgbẹ̀rún sátẹ́láìtì?

Ní 2023, àwọn tó ń lo awò LOFAR ní Netherlands kéde pé ìgbì ń jò láti inú ẹ̀rọ sátẹ́láìtì Starlink, èyí tí ilé-iṣẹ́ SpaceX fi ń pín íntánẹ́ẹ̀tì, títí dé orí ìkànnì tí òfin fi sílẹ̀ fún ìmọ̀ ìràwọ̀. Ní ọdún tó tẹ̀ lé e, wọ́n rí i pé ti àwọn tuntun tó ìlọ́po 32 ti àkọ́kọ́. Kì í ṣe ìgbì tí wọ́n fi ń gbé íntánẹ́ẹ̀tì ni. Jíjò lásán ni, kò sì sí òfin àgbáyé tó fi òdiwọ̀n sí i.

A ò sọ pé kí wọ́n má fi sátẹ́láìtì ránṣẹ́ mọ́. Ọ̀pọ̀ ènìyàn tí wáyà ò lè dé ọ̀dọ̀ wọn ló ń tipasẹ̀ rẹ̀ rí íntánẹ́ẹ̀tì, ẹ̀tọ́ wọn sì ni. Àtúnṣe ṣeé ṣe: SpaceX àti NRAO, àjọ tó ń bójú tó awò rédíò ní Amẹ́ríkà, ti jọ ṣiṣẹ́ débi pé sátẹ́láìtì ń yí ìgbì rẹ̀ kúrò nígbà tó bá ń kọjá níwájú awò. Ṣùgbọ́n àdéhùn àárín ẹni méjì ò de ẹnìkẹta, àwọn ilé-iṣẹ́ mìíràn sì ń bọ̀ lọ́nà. Ẹ sọ ọ́ di òfin. Kí wọ́n yẹ jíjò inú sátẹ́láìtì wò kó tó gbéra nílẹ̀, nítorí tó bá ti dókè, kò sẹ́ni tí yóò lọ tún un ṣe.

Ọ̀rọ̀ àwọn agbègbè tí wọ́n yà sọ́tọ̀ yìí ti wà lórí ètò WRC-27, ìbò kan ṣoṣo sì ni orílẹ̀-èdè kọ̀ọ̀kan ní, ńlá àti kékeré. Ẹ̀yin tí ẹ ń kọ èrò orílẹ̀-èdè yín sílẹ̀ lọ́wọ́, ẹ pe àwọn onímọ̀ ìràwọ̀ jókòó kí ẹ tó buwọ́ lù ú.