Abẹ́rẹ́ testosterone kọ́ ni oògùn èémí tó ń dúró lójú oorun

Ẹ̀gbọ́n, ẹ kọ ọ́ pé ọkùnrin tó ń hanrun, tí èémí rẹ̀ ń dúró lójú oorun, testosterone, họ́mọ̀nù ọkùnrin, ló dín kù lára rẹ̀, kó lọ gba abẹ́rẹ́ ní kẹ́míìsì. Kò rí bẹ́ẹ̀ o.

Lóòótọ́, testosterone sábà máa ń kéré lára wọn. Àmọ́ sísanra jù àti oorun tó ń já léraléra wà lára ohun tó ń fà á, torí ojú oorun ni ara ti ń ṣe púpọ̀ nínú rẹ̀. Ohun tó ń dá èémí dúró gan-an ni ọ̀fun tó ń dí. Abẹ́rẹ́ yẹn gan-an lè dá kún un. Àwọn dókítà họ́mọ̀nù kì í fẹ́ fún ẹni tí tirẹ̀ le, tí kò tíì gba ìtọ́jú.

Ẹ tún ní obìnrin kì í ní in! Bí nǹkan oṣù bá ti dáwọ́ dúró, progesterone, họ́mọ̀nù obìnrin tó ń ran mímí lọ́wọ́, á lọ sílẹ̀, ewu á sì pọ̀ sí i. Ìyá tó ń jí pẹ̀lú orí fífọ́, tó ń tòògbé nídìí ọjà ní Bódìjà, a máa ń ní ọjọ́ ogbó ló ń ṣe é.

Ẹ̀rọ CPAP, tó ń fi afẹ́fẹ́ ṣí ọ̀fun sílẹ̀, ló ń ṣiṣẹ́. Ẹ ní kí wọ́n lọ rí dókítà etí, imú àti ọ̀fun ní UCH, ilé ìwòsàn ńlá Ìbàdàn, kí wọ́n sì yẹ họ́mọ̀nù táírọ́ọ̀dù, tó ń ti ọrùn wá, wò, torí àìtó rẹ̀ náà lè fà á.