Ta ló buwọ́ lu àkòrí yẹn?

Mo tún rí i lónìí. Ẹnì kan ní kí ẹni tó bá fẹ́ gba oyè ọ̀mọ̀wé mú àkòrí tó máa yí ayé padà, èrò sì ń pàtẹ́wọ́ fún un. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń pàtẹ́wọ́ yìí, ṣé ẹ ti ṣe PhD rí?

Àbúrò mi kan níbi iṣẹ́ mú "ipa íntánẹ́ẹ̀tì lórí ìwà àwọn ọ̀dọ́" lọ bá súpáfáísọ̀ rẹ̀, ọ̀gá tó ń darí iṣẹ́ PhD rẹ̀. Íntánẹ́ẹ̀tì wo? Fídíò ni àbí tẹ́tẹ́? Ìwà wo nínú ìwà? Ọ̀dọ́ ọmọ ọdún mélòó? Ẹnikẹ́ni ò bi í. Ọ̀gá ní ó gbámúṣé, wọ́n buwọ́ lù ú. Ọmọ bẹ̀rẹ̀ sí í kàwé. Kó tó ka ọ̀kan tán, òmíràn ti jáde. Ìwé ìbéèrè rẹ̀ gùn débi pé àwọn tó pín in fún ò dáhùn rẹ̀ dé ìdajì. Ọdún 3 ni owó ìrànwọ́ rẹ̀ wà fún. Owó tán, orí kejì ló ṣì ń kọ. Ìgbà yẹn ni ọ̀gá yìí kan náà wá ń sọ níwájú ìgbìmọ̀ pé iṣẹ́ náà ti fẹ̀ jù. Ẹ gbà mí o!

Ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé, ibo ló ti fẹ́ mọ bí iṣẹ́ ọdún 3 ṣe ń tó? Ẹni tó ti gba ibẹ̀ kọjá ló yẹ kó bi í pé: dátà tí o fẹ́ lò yìí, ṣé wọ́n á fún ọ? Bí èsì bá lòdì sí ohun tí o rò, ṣé iṣẹ́ náà á ṣì dúró? Ṣùgbọ́n ẹyẹ ò sọ fẹ́yẹ pé òkò ń bọ̀.

Wọ́n á ní àwọn ọlọ́pọlọ pípé kì í bẹ̀rù iṣẹ́ ńlá. Ó dáa. Andrew Wiles, onímọ̀ ìṣirò, ló yanjú ìṣirò Fermat, àdììtú ìṣirò kan tó ti wà nílẹ̀ fún ohun tó lé ní 350 ọdún. Láti ọmọ ọdún 10 ló ti ń lá àlá rẹ̀. Ṣé òun ló fi gba PhD ní Cambridge? Rárá o. Elliptic curves, ẹ̀ka mìíràn nínú ìmọ̀ ìṣirò, ni John Coates, súpáfáísọ̀ rẹ̀, darí rẹ̀ sí. Ìgbà tó ti di ọ̀jọ̀gbọ́n, ní 1986, ló tó kọjú sí Fermat. Ó kéde ní 1993 pé òun ti yanjú rẹ̀, wọ́n rí àléébù níbẹ̀, 1994 ló tó rí i tún ṣe. Ẹ wá fi akẹ́kọ̀ọ́ tí owó ìrànwọ́ rẹ̀ ń tán lọ sí ipò yẹn.

Àbúrò mi ti gé tiẹ̀ kúrú báyìí: ipa áàpù kan ṣoṣo lórí oorun àwọn ọmọ ọdún 16 sí 18. Iṣẹ́ ń lọ. Ó pè mí lánàá pé òun á parí, àmọ́ òun ò mọ ẹni tó máa kà á. Ó ṣe mí bíi pé kí n sọ fún un pé elliptic curves yẹn náà ni Wiles padà fi ṣẹ́gun Fermat. Ṣùgbọ́n ta ló lè ṣe irú ìlérí bẹ́ẹ̀ fún ọmọ ọlọ́mọ? Mo kàn ní kó kọ́kọ́ parí ẹ̀ ná.