Wọ́n ní ṣúmékà jù mí lọ ní Kánádà

Ẹni tó bá tún fi fídíò yẹn ránṣẹ́ sí mi lọ́sẹ̀ yìí, mo máa búlọ́ọ̀kì onítọ̀hún ni o, kó báà jẹ́ àbúrò ìyá mi. Ẹ mọ èyí tí mò ń wí. Bọ̀ọ̀dá kan jókòó sínú mọ́tò, ó wọ jákẹ́ẹ̀tì òtútù tí apá ẹ̀ gùn jù ú lọ (ojú télọ̀ ò lè má rí i), ó wá ń pariwo pé Kánádà ń wá oníṣẹ́ ọwọ́, ẹ̀yin tẹ́ ẹ mọṣẹ́ ọwọ́, kí lẹ ṣì ń ṣe ní Nàìjá? Èèyàn méje ló ti fi ránṣẹ́ sí mi. Mẹ́ta nínú wọn, kọ́sítọ́mà mi ni, ọ̀kan nínú àwọn mẹ́ta yẹn ò sì tíì san owó aṣọ Iléyá, ó wá ń rán mi lọ sí Kánádà.

Ẹ gbọ́, mo ti lọ wádìí ẹ̀. Ìdí tínú fi ń bí mi gan-an nìyẹn.

Télọ̀ ni mí, ní Alékúwodò, l'Óṣogbo níbí. Ọmọ ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ni mí nígbà tí wọ́n fà mí fún ọ̀gá mi lápá Ọjà Ọba, ọdún mẹ́fà ni mo lò, mo gbálẹ̀ ṣọ́ọ̀bù, mo pọnmi, mo gbé ọmọ ọ̀gá pọ̀n, mo jẹ ìgbájú, ó tó ọdún kejì kí n tó fọwọ́ kan sísọ́ọ̀sì. Mo ṣe fírídọ̀mù ní 2006. Gbogbo àgbà ló ń sọ fún wa nígbà yẹn pé kò síbi téèyàn máa gbé iṣẹ́ ọwọ́ dé tí ò ní fi jẹun. Mo gbà á gbọ́. Èmi náà ṣì ń sọ ọ́ fáwọn ọmọṣẹ́ mi títí di ọ̀sẹ̀ tó kọjá.

Ọmọkùnrin kan wà lẹ́bàá Ọláìyá tó máa ń bá èèyàn fi fọ́ọ̀mù sórí íntánẹ́ẹ̀tì, JAMB o, pásípọ́ọ̀tù o, gbogbo ẹ̀. Mo fún un ní ₦10,000 pé kó bá mi yẹ̀ ẹ́ wò. Ọmọ náà gbọ́n, mi ò lè parọ́ mọ́ ọn. Ó ní ẹ̀gbọ́n, gbogbo iṣẹ́ tó wà láyé ni Kánádà ti fún ní nọ́ńbà, márùn-ún márùn-ún ni wọ́n ń kọ ọ́, èyí tó ṣìkejì nínú márùn-ún yẹn ló ń sọ bí iṣẹ́ náà ṣe ga tó, TEER ni wọ́n ń pè é. Láti 0 dórí 3, o lè wọ Express Entry, ìyẹn ọ̀nà tí wọ́n fi ń fi máàkì yan oníṣẹ́ tó fẹ́ wá máa gbé lọ́dọ̀ wọn. Tó bá ti di 4 tàbí 5, ó dàbọ̀. Ó wá bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ̀ ẹ́ lójú mi. Wẹ́dà: 72106, 2 nìyẹn, ó wọlé. Kúùkù: 63200, 3 nìyẹn, ó wọlé. Onídìrí àti onígbàjámọ̀: 63210, wọ́n wọlé. Ó tẹ télọ̀. 64200.

Mo ní kó tún un tẹ̀. Ó tún un tẹ̀. 64200.

Bí mo ṣe dákẹ́ báyẹn, ó wá fẹ́ fi ṣàwàdà kójú mi lè rọ̀, ó tẹ ṣúmékà. 63220. Ṣúmékà! 3!

Ẹ jẹ́ n sọ ohun tó fà á tó fi dùn mí bẹ́ẹ̀. Bàbá Ràfíù ṣúmékà, abẹ́ òrùlé ṣọ́ọ̀bù mi ni wọ́n jókòó sí láti 2014. Wọn kì í sanwó. Òwú mi ni wọ́n fi ń gán bàtà nígbà míì. Mi ò fojú tẹ́ńbẹ́lú wọn o, àgbà ni wọ́n, ọwọ́ wọn sì dáa. Àmọ́ ẹ gbé bàtà tí wọ́n lẹ̀ síbẹ̀, kẹ́ ẹ gbé agbádá tí mo rán síbẹ̀, èyí tí mo gé láìya nǹkan kan sórí pépà, tí mo ṣọnà sọ́rùn ẹ̀ pẹ̀lú ọwọ́ ara mi, kẹ́ ẹ wá sọ fún mi pé ti bàtà ló ga jù. Ẹni tó jókòó sí Ottawa tó ń há nọ́ńbà yìí, kí ló rí?

Mo rò ó lọ rò ó bọ̀. Ó jọ pé lọ́dọ̀ wọn, inú ṣọ́ọ̀bù laṣọ ti ń wá, Bangladesh àti Ṣáínà ló ń rán an, iṣẹ́ tó kù fún télọ̀ ò ju kó gé ẹsẹ̀ ṣòkòtò. Ó dáa. Àmọ́ bàtà ńkọ́, ṣé kì í ṣe Ṣáínà náà ló ń ṣe é ni? Ẹ sáà máa wò ó.

Àwọn kan ti máa sọ pé ọ̀nà míì wà. A ti wò ó jàre. Ìlú Ọba, láti 22 July 2025, iṣẹ́ tó bá ń béèrè dìgírì ni wọ́n ń fún ní físà iṣẹ́ báyìí, àfi ìwọ̀nba díẹ̀, ọjọ́ yẹn náà ni wọ́n ti ilẹ̀kùn iṣẹ́ ìtọ́jú arúgbó mọ́ ẹni tó ń bọ̀ láti òkèèrè. Jámánì ní káàdì kan láti June 2024 tó ń jẹ́ Chancenkarte, téèyàn lè fi lọ wáṣẹ́ níbẹ̀, mo tiẹ̀ ti ń yọ̀, torí wọ́n ní ẹni tó kọ́ṣẹ́ fún ọdún méjì péré lè gbà á. Ọdún mẹ́fà ni tèmi! Ọmọ yẹn ní kí n fi ìwé ẹ̀rí hàn. Mo gbé ìwé fírídọ̀mù mi sílẹ̀ lórí tábìlì ẹ̀, pẹ̀lú férémù ẹ̀, bí mo ṣe yọ ọ́ lára ògiri. Alága ẹgbẹ́ fọwọ́ sí i, akọ̀wé lu òǹtẹ̀, fọ́tò mi wà níbẹ̀ tí mo wọ kóòtù tí mo yá. Ó wò ó títí, ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ má bínú o, ìjọba ò sí nínú ìwé yìí."

Ó ní kí n lọ ṣe Trade Test, ìdánwò iṣẹ́ ọwọ́ ti ìjọba. Ó ṣeé ṣe, mi ò sọ pé kò ṣeé ṣe. Àmọ́ ọmọ ọdún 41 ni mí, Kánádà yẹn, tó o bá ti pé 45, òdo ni máàkì ọjọ́ orí ẹ. Ó ní ọ̀nà kan tún wà lápá etíkun Atlantic wọn níbẹ̀, ìyẹn ń gba 4, àfi tẹ́nì kan níbẹ̀ bá ti ní òun máa gbà mí síṣẹ́. Ta ló fẹ́ gba télọ̀ alágbádá síṣẹ́ ní New Brunswick?

Lẹ́yìn gbogbo ẹ̀ ló wá rẹ ohùn sílẹ̀, ó ní ṣé mo mọ oúnjẹ sè, ká kọ ọ́ pé kúùkù ni mí. Mo ní rárá. Kì í ṣe pé mo mọ́ ju ẹnikẹ́ni lọ, ẹ̀rù ló bà mí, wọ́n ní tí wọ́n bá gbá irọ́ mú, ọdún 5 gbáko ni wọn ò ní jẹ́ kéèyàn wọ̀lú.

Ohun tó tún wá ń ká mi lára ni pé aṣọ tí mo rán ti dé Kánádà tipẹ́. Láti 2021 ni wọ́n ti ń fi ìwọ̀n ránṣẹ́ sí mi lórí WhatsApp (ẹni tí ìdí ẹ̀ jẹ́ 46 á ní 42 ni, aṣọ á débẹ̀ tán, wọ́n á ní mo ba aṣọ jẹ́). Oṣù tó kọjá, aṣọ ẹbí méjìlá ló lọ sí Brampton lẹ́ẹ̀kan náà. Ẹni tó ń ka iṣẹ́ fún wọn níbẹ̀, ó jọ pé kò ka ọjọ́ Sátidé mọ́ ọn.

Nígbà tí mo padà dé, mo sọ fún Bàbá Ràfíù pé ẹ̀yin ni Kánádà ń wá o. Wọ́n rẹ́rìn-ín débi pé ìṣó já bọ́ lẹ́nu wọn. Wọ́n ní, "Ìwọ télọ̀ yìí, tí mo bá débẹ̀, ṣé wọ́n á jẹ́ kí n jókòó síwájú ṣọ́ọ̀bù wọn lọ́fẹ̀ẹ́?" Láti ọjọ́ yẹn, gbogbo ìlà wa ti ń pè wọ́n ní Bàbá Mẹ́ta, wọ́n sì ń jẹ́ ẹ. Òwú mi ni wọ́n ṣì ń lò.

Kẹ́hìndé, ọmọṣẹ́ mi àgbà, wà níbẹ̀ nígbà tí mò ń ròyìn ẹ̀. Ìyẹn ò rẹ́rìn-ín. December ló fẹ́ ṣe fírídọ̀mù, ìyá ẹ̀ ti ra aṣọ sílẹ̀. Tí mo bá ní ọwọ́ ọmọ yẹn ti ń dáa ju tèmi lọ nídìí ọrùn agbádá, kì í ṣe ẹnu lásán. Àárọ̀ ọjọ́ kejì ló wá dúró sẹ́gbẹ̀ẹ́ máṣíìnì mi, ó ní, "Ọ̀gá, àwọn wẹ́dà tó wà nísàlẹ̀ yẹn, ṣé wọ́n máa ń gba ẹni tó ti pé ọdún 22?"

Mo ní kó lọ gbé áyọ́ọ̀nù wá. Ọjọ́ mẹ́rin rèé. Kò tíì tún bi mí, èmi náà ò tíì dá a lóhùn.